Ẹ ní kí wọ́n tú ike abẹ́ ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó sanwó mọ́tò

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ń wá mọ́tò àlòkù rà lásìkò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Owó tèmi ti lọ, kí tiyín má lọ.

Mọ́tò tí mo rà wù mí lójú. Ẹni tó ń tà á gan-an ló ní kí n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo tan iná fóònù, abẹ́ ọkọ̀ gbẹ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Kò sí ọ́ìlì tó ń kán, ilẹ̀ ibi tó dúró sí kò ní àbàwọ́n kankan. Ike dúdú tó bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ọ́ńdà kọ́fà, ń dán gbinrin. Ọkùnrin náà ní, “Ṣé ẹ rí i? Gbogbo ike rẹ̀ ló ṣì pé. Ẹni tó lò ó mọ ọkọ̀ tọ́jú.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, torí èmi náà gbà pé ọkọ̀ tí ike yẹn bá ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ kò tíì kó sọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kọ́ṣẹ́. Mo sanwó.

Ohun tí n kò bi ara mi ni pé, ọkọ̀ tó ti rìn tó bẹ́ẹ̀, báwo ni ike abẹ́ rẹ̀ ṣe tuntun ju ara ọkọ̀ lọ?

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni òórùn bẹ̀rẹ̀. Òórùn ọ́ìlì tó ń jóná, pàápàá bí mo bá rin ọ̀nà jíjìn tí mo wá dúró. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, n kò rí nǹkan kan. Mo wo ilẹ̀, ilẹ̀ gbẹ. Mo fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ kọjá àmì ìsàlẹ̀. Ibo ló ń gbà lọ?

Mẹkáníìkì mi fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó gbé e lé irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bóòtù ike náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀, ó wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Tówẹ́ẹ̀lì ló wà nínú rẹ̀. Tówẹ́ẹ̀lì ìwẹ̀ gidi! Wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n tẹ́ ẹ sí abẹ́ ibi tí ọ́ìlì ti ń jò, ó ti mu ọ́ìlì yó débi pé nígbà tí a fún un, ọ́ìlì dúdú ń ṣàn wọ inú garawa. Igun rẹ̀ kan tó sún mọ́ páìpù èéfín ti jó gbẹ, ó ń rún lọ́wọ́ bí ewé inú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ rò ó wò: aṣọ tó rin fún ọ́ìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù tó ń gbóná janjan, lábẹ́ ọkọ̀ tí mò ń kó àwọn ọmọ mi sí. Mẹkáníìkì mi kò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbé e sókè, ó ń wò mí.

Inú bí mi, mo ní kó sọ ike náà nù, ṣebí òun ni wọ́n fi bo ìwà burúkú mọ́lẹ̀. Mẹkáníìkì mi ló dá mi lẹ́kun. Ó ní ike kò ṣẹ̀ mí, ẹni tó tẹ́ aṣọ sínú rẹ̀ ló ṣẹ̀ mí. Òótọ́ ni, torí pé ìyà kejì tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti àwọn mẹkáníìkì tó máa ń sọ fún yín pé ike yẹn kò wúlò, pé ó ń mú kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ẹ jẹ́ kí àwọn yọ ọ́ dànù. Ohun tó ń dun ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì ni wọ́n ní láti tú bóòtù, kí wọ́n tún dì í padà. Àwọn mìíràn á sì gbé e lọ tà fún ẹni tí tirẹ̀ ti sọnù.

Ní ti pé ó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná: ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ti ro ti ike náà mọ́ bí atẹ́gùn ṣe ń rìn. Atẹ́gùn tó gba iwájú wọlé gbọ́dọ̀ la àárín rédíétọ̀, ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù, kọjá kó tó jáde. Lára ọkọ̀ mìíràn, bí ẹ bá yọ ike yẹn, atẹ́gùn á máa gba ìsàlẹ̀ sá lọ, ẹ́ńjìnnì á wá gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lórí eré. Ti omi àti ẹrẹ̀ ni kí n tó sọ? Táyà iwájú ló ń ta wọ́n sókè, tààrà sórí bẹ́líìtì, sára alternator tó ń pèsè iná mọ̀nàmọ́ná fún ọkọ̀, àti ẹnu àwọn wáyà. Bẹ́líìtì tó rin á máa ké. Òkúta kékeré kan tó bá há sáàárín òun àti púlì rẹ̀ lè ya á. Ọkọ̀ kò ní kú lọ́jọ́ tí ẹ bá yọ ike náà, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń rò pé kò wúlò. Àmọ́ kí n má purọ́, kì í ṣe apata. Òkúta ńlá á fọ́ ọ, á sì ba àwo ọ́ìlì lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè gba ọkọ̀ tó wọ inú àgbàrá sílẹ̀, torí òkè ni ẹ́ńjìnnì ti ń mí. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ mìíràn ò tilẹ̀ ní in rí, wọ́n sì ń rìn.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ wo ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ wà á fún bí ogún ìṣẹ́jú kí ọ́ìlì gbóná, torí ọ́ìlì tútù kì í jò bí èyí tó gbóná. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n tú ike náà, kí ẹ fọwọ́ ra inú rẹ̀. Ọ̀rinrin díẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́ kì í ṣe ẹjọ́. Aṣọ, fóòmù, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, bóòtù tuntun láàárín àwọn tó ti dípẹtà, ẹjọ́ ni ìwọ̀nyí. Bí ọlọ́jà bá ní kò sáàyè, tàbí pé kílíìpù á ṣẹ́, ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ máa ra kílíìpù. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ dìde.

Ẹ má tún jẹ́ kí wọ́n fi wáyà so ó padà. Èyí tí wọ́n so bẹ́ẹ̀ máa ń já lórí eré, atẹ́gùn á wọ inú rẹ̀, á máa wọ́ lọ nílẹ̀ gbàràgbàrà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò bá ihò bóòtù ọkọ̀ yín mu. Tí wọ́n bá fi agbára fà á bá a, á fara kan páìpù èéfín, á sì yọ́.

Mo ya fọ́tò tówẹ́ẹ̀lì náà ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó ta ọkọ̀ fún mi. Ó ní kì í ṣe tòun.