Báínókúlà tí mo rà ní Pánsẹ́kẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, báínókúlà yìí, awò olójú méjì tá a fi ń wo ohun tó jìnnà, dáa gan-an ni. 8x42 ni, ìyẹn ni pé ó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́jọ, gíláàsì iwájú ẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 42, ṣọ́ọ̀bù kan ní Pánsẹ́kẹ́ l'Abẹ́òkúta níbí ni mo ti rà á, mo kọ́kọ́ fi wo ẹyẹ létí odò Ògùn, ìgbà tó wá di oṣù kẹsàn-án mo gbé e lọ sí àbàtà Nguru ní Yobe. Ha! Mo rí ọmọ lékèélékèé tó fi ẹnu gbá ìyá ẹ̀ lẹ́nu mú, tó ń fà á wálẹ̀ kí ìyá náà lè bi oúnjẹ sí i lẹ́nu, àfi bíi pé mo lè nawọ́ kàn án.

Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ o, kò dà bíi tiwa rárá, oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án lòjò fi ń rọ̀ dáadáa, torí náà tó bá rọ̀ gan-an omi á tàn ká, tata àti ọ̀pọ̀lọ́ táwọn lékèélékèé ń jẹ á pọ̀, igi tí wọ́n kọ́ ìtẹ́ sí á wà láàárín omi, ẹranko tó ń jẹ ẹyin ò ní lè tètè dé bẹ̀. Tómi bá tètè gbẹ, àwọn lékèélékèé míì á pa ìtẹ́ tì tòun tọmọ inú ẹ̀. Ó máa ń dùn mí.

Okùn tá a fi ń gbé báínókúlà náà kọ́rùn nìkan ni ò lágbára, ó já lọ́jọ́ kejì. Ẹ yáa ra òmíì mọ́ ọn.