Model 3 àlòkù, MG4 àlòkù, àbí BYD tuntun: ọkọ̀ oníná wo ló yẹ kí ẹ náwó lé nílùú Ọba?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú Ọba, tí ẹ ti ń yẹ ọkọ̀ oníná wò lórí fóònù láti ọjọ́ yìí, tí ẹ ò tíì lè pinnu, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. N kò ní sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, n kò sì ní wọn fífẹ̀ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n kàn mọ́ iwájú rẹ̀. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ á ka gbogbo ìyẹn fún yín láìjẹ́ pé ẹ bi í. Ọ̀rọ̀ owó ni mo bá wá: iye tí ẹ máa san, àti iye tó máa ṣẹ́ kù lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á.

Mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra, torí àwọn ló wà lẹ́nu àwọn èèyàn wa tí owó ọwọ́ wọn ò ju £20,000 lọ: Tesla Model 3 àlòkù ti 2021 tàbí 2022, MG4 àlòkù ti 2023, àti BYD Dolphin Surf tuntun, tó dé ọjà ibí ní 2025 ní £18,650. Mo ti ra ọkọ̀ oníná tuntun rí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan tí kò sí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. MG4 àlòkù ni mò ń wà báyìí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ bá ṣe ń kà á lọ.

Owó tó ń já wálẹ̀

Ní January 2023, Tesla dín owó ọkọ̀ rẹ̀ kù ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Níbí, Model 3 tó jẹ́ £48,490 di £42,990; Model Y tó jẹ́ £51,990 di £44,990. Tesla kì í lo díílà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń tajà, torí náà iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò ju kí wọ́n pa nọ́ńbà kan rẹ́ kí wọ́n kọ òmíràn. Ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ Model Y lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, £7,000 ti fò lọ kó tó fọ ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan. Ní Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti dín in kù lọ́jọ́ díẹ̀ ṣáájú, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á rọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Tesla láti fẹ̀hónú hàn. Kí oṣù náà tó parí, Ford ti dín owó Mustang Mach-E tirẹ̀ kù ní Amẹ́ríkà. Ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì tíì parí.

Bí owó tuntun bá já, ti àlòkù á tẹ̀lé e kíá. Ta ló fẹ́ fún yín ní £43,000 lórí ọkọ̀ tí ẹ ti wà káàkiri, nígbà tí £42,990 ń ra tuntun rẹ̀? Bí ọkọ̀ tòmátì bá ya wọ Mile 12 lọ́sàn-án tí owó wálẹ̀ lójijì, ẹni tó ra apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ìdájí ló ń ru àdánù náà. Kódà Hertz, àwọn tó ń fi ọkọ̀ háyà ní Amẹ́ríkà, kò mú un jẹ. Ní 2021 wọ́n kéde pé àwọn máa ra Tesla 100,000. Nígbà tó fi di January 2024, wọ́n ní àwọn fẹ́ ta ọkọ̀ oníná bíi 20,000 kúrò nílẹ̀. Owó àlòkù ti já, àtúnṣe sì wọ́n ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Èmi náà mọ bó ṣe ń ta. HP ni mo fi ra ọkọ̀ tuntun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni pé mò ń san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù títí yóò fi di tèmi. Kò pẹ́ tí mo gbé e délé ni ilé iṣẹ́ náà dín owó rẹ̀ kù. Mo pè wọ́n. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé owó ọjà lè yí padà nígbàkígbà, ó wá bi mí bóyá nǹkan míì wà tí òun lè bá mi ṣe. Nígbà tó yá tí mo fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀ náà, iye tí díílà fẹ́ fi gbà á lọ́wọ́ mi kéré sí gbèsè tó wà lọ́rùn mi. Kí n tó bọ́, mo ní láti fa owó yọ láti dí àlàfo yẹn. Owó èsúsú ni, iṣẹ́ mìíràn sì ti wà nílẹ̀ fún un. Ìyàwó mi kò tíì dákẹ́ lórí rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé tuntun lòun fẹ́ rà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi í ni pé báwo ló ṣe fẹ́ sanwó. Bó bá jẹ́ PCP, níbi tí ẹ ti ń san díẹ̀díẹ̀, tí ẹ ó sì yàn ní ìparí bóyá ẹ máa san tó kù kó di tiyín tàbí kí ẹ dá a padà, ilé iṣẹ́ tó yá yín lówó ti kọ ọ́ sínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ iye tí ọkọ̀ náà yóò tó nígbà tí àdéhùn bá pé. Bí ọjà bá bàjẹ́ tí ọkọ̀ kò tó iye yẹn mọ́, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún wọn, kí ẹ máa lọ. Àwọn ni yóò ru àdánù, bí ẹ ò bá ti wà á kọjá iye máìlì tí ẹ jọ ṣàdéhùn, tí ẹ ò sì ha á lára. Bó bá jẹ́ HP, tàbí owó tí ẹ kà sílẹ̀, ọrùn yín ni gbogbo rẹ̀ ń já lé. Òfin Consumer Credit Act ti 1974 gbà yín láàyè láti dá ọkọ̀ padà bí ẹ bá ti san ìdajì gbogbo owó tó wà nínú àdéhùn, yálà HP ni tàbí PCP. Ẹni tó yáwó ní báńkì lọ fi ra ọkọ̀ kò ní ẹ̀tọ́ yẹn, bó ti wù kí èlé báńkì náà kéré tó.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé àwọn mẹ́ta wa sórí ìwọ̀n yìí.

Model 3 ti já tiẹ̀ tán, tàbí ká ní ó ti já púpọ̀. Èyí tí ẹlòmíràn fi nǹkan bíi £45,000 rà tuntun, ẹ lè rí i láàárín £15,000 sí £20,000. Ẹni àkọ́kọ́ ló ti san iyàtọ̀ yẹn. Ohun tó ṣì ń já mi láyà ni pé ẹni tó ń pinnu owó tuntun rẹ̀ lè yí i padà lóru, bó ṣe ń ṣe é látẹ̀yìn wá, tí tiyín á sì tún sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí i.

MG4 jáde níbí ní September 2022 ní £25,995. Ti 2023 ti wà lábẹ́ £15,000. MG àti ọ̀pọ̀ àwọn yòókù kì í sábà fọwọ́ kan owó tó wà lórí ìwé. Díílà ló máa ń fi ẹ̀dínwó pa mọ́ sínú àsansílẹ̀ tó bá yín fi kún un, tàbí kó ní òun ò gba èlé. Àlòkù rẹ̀ náà ń rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í já lójijì bí ẹni tó yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn.

Ó wá kan BYD, ilé iṣẹ́ Ṣáínà. Seagull ni wọ́n ń pe Dolphin Surf ní Ṣáínà. Ó jáde lọ́hùn-ún ní 2023 ní yuan 73,800. Ní May 2025, BYD dín owó oríṣi ọkọ̀ 22 kù lẹ́ẹ̀kan náà, Seagull sì já sí yuan 55,800, tí kò tó £6,000 nígbà náà. Òótọ́ ni pé ti ibí gùn ju tọ̀hún lọ, owó ọkọ̀ ojú omi àti owó ibodè sì wà lórí rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo àlàfo tó wà láàárín £6,000 àti £18,650. Inú àlàfo yẹn ni ẹ̀dínwó tọ́dún tó ń bọ̀ wà, ẹ̀yin tí ẹ bá sì rà á lónìí lẹ máa fi owó yín tẹ́ ẹ. Wọn ò kéré lágbára náà: ní oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn 2023, ọkọ̀ oníná 526,409 ni BYD tà, nígbà tí Tesla ta 484,507. Ní October 2024, European Union fi 17% kún owó ibodè BYD, wọ́n fi 35.3% kún ti SAIC tó ni MG. Ìlú Ọba kò fi nǹkan kan kún un. Ẹ bi ara yín léèrè ibi tí wọ́n máa wá jà sí.

Bí ẹ bá ṣì takú pé tuntun ni, ẹ mọ̀ pé ìjọba ti fi kùmọ̀ lé àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ lórí: ní 2025, ó kéré tán ìdá 28 nínú 100 ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá tà gbọ́dọ̀ jẹ́ oníná, ní 2026 ó di 33, ìtanràn £12,000 sì wà lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá dín, bí wọn kò bá rí ọ̀nà mìíràn fi dí i. Torí náà, ẹ lọ nájà nígbà tí ọdún bá ń parí lọ, kí ẹ má tijú. Owó ìrànwọ́ ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ní July 2025, tó lè tó £3,750 lórí ọkọ̀ tuntun tí kò ju £37,000 lọ, kò kan ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó lọ wo Renault 5.

Àwọn yòókù, ní ṣókí

Ṣáàjì: bí ẹ bá níbi tí ẹ lè gbé ọkọ̀ sí nílé, unit kan lóru lè má tó péńsì 10, ní ojú títì, ti ẹ̀rọ tó ń yára lè ju péńsì 70 lọ. Ẹni tó ń gbé fláàtì tí kò níbi ìgbọ́kọ̀sí, kó ṣírò èyí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọ̀ ọkọ̀. Lójú ọ̀nà jíjìn, Model 3 ló gbayì jù, nítorí Supercharger, ìyẹn ẹ̀rọ ìṣáàjì Tesla tó ń yára.

Ìnṣọ́ránsì: ti Model 3 máa ń ga. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà gan-an béèrè kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Wáráńtì: MG ọdún 7 tàbí máìlì 80,000, ó sì ń bá ọkọ̀ lọ sọ́wọ́ ẹni tó bá rà á. BYD ọdún 6. Tesla ọdún 4 lórí ọkọ̀, 8 lórí bátìrì, torí náà ti 2021 ti tán lára ohun gbogbo àyàfi bátìrì àti mọ́tọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe kábúkábú, ẹ ka ìwé wáráńtì dáadáa, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bo iṣẹ́ yín.

Owó ìjọba: láti April 2025, ọkọ̀ oníná ti ń san owó ọdọọdún, £195 ni nígbà náà. Àfikún tó wà lórí ọkọ̀ olówó ńlá kò kan èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, ìyẹn ni Model 3 àlòkù fi yọ. Ìjọba tún ti kéde pé láti April 2028, péńsì 3 lórí máìlì kọ̀ọ̀kan. Àárín gbùngbùn London kò sì jẹ́ ọ̀fẹ́ mọ́ láti òpin 2025.

Búùtù: kúlà oúnjẹ pátì wọlé sẹ́yìn MG4 wẹ́rẹ́, ẹnu ti Model 3 há. MG4 kò ní wáípà lẹ́yìn, ohun tí ẹni tó ṣe é rò n kò mọ̀. Dolphin Surf kékeré ni, èèyàn mẹ́rin péré ló sì ń gbé.

Ẹni tó bá ń rò pé òun á gbé e lọ sílé lọ́jọ́ iwájú: ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn ọkọ̀ ibí wà, Nàìjíríà kì í gbà á wọlé.

Èwo wá ni?

N kò fẹ́ ṣojúsàájú. Bó bá jẹ́ pé Manchester sí London ni ẹ ń rìn ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, Model 3 kò ní já yín kulẹ̀. Bó bá jẹ́ inú ìgboro nìkan, ẹ níbi ìṣáàjì nílé, PCP lẹ sì fẹ́ fi rà á, Dolphin Surf dára, àmọ́ ẹ fojú fo ti £18,650 yẹn, torí bátìrì kékeré rẹ̀ kò ju máìlì 137 lọ lórí ìwé, òtútù January á sì tún bù níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ san HP tàbí kí ẹ ka owó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má rà á.

Ẹni tí kò bá sí nínú méjèèjì yìí, tí ó sì jẹ́ pé ìyẹn lọ̀pọ̀ wa, kó wá MG4 SE tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 51 kWh. Irú bátìrì tó wà nínú rẹ̀ kò kọ̀ kí ẹ ṣáàjì rẹ̀ dé 100%. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò bátìrì, ẹ wo bóyá wọ́n ń ṣe sáfíìsì rẹ̀ lásìkò kí wáráńtì má bàa bàjẹ́, ẹ fọwọ́ kan táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí díílà bá ní ẹlòmíràn ń bọ̀ wá rà á lọ́la, ẹ jẹ́ kó rà á. Àwọn ọkọ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ gbà ní háyà ọdún mẹ́ta fún òṣìṣẹ́ wọn ní 2023 ń padà sọ́jà báyìí, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni tuntun ń kún un, díílà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.