Kànga Tí A Fọwọ́ Yàn àti Kànga Tí Gègé Mú: Àyẹ̀wò Omi Ògbómọ̀ṣọ́

Kànga etí títì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fọwọ́ yàn fún àyẹ̀wò omi. Ó yá, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ kò lè ṣojú fún kànga tí a kò dé. Ọ̀nà kejì ni kí a kọ gbogbo kànga sílẹ̀ ní àdúgbò-àdúgbò, kí a sì ṣẹ́ gègé, kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá lè bọ́ sínú àyẹ̀wò bíi ti èyí tí wọ́n fi símẹ́ǹtì mọ ẹnu rẹ̀. Èyí ni mo fara mọ́, nítorí òun ló jẹ́ kí a lè ṣírò bí àṣìṣe inú èsì wa ṣe lè pọ̀ tó. Àfọwọ́yàn dára bí a bá fẹ́ mọ bí omi kànga kan ṣe ń fà láti òjò dé ẹ̀ẹ̀rùn.