Bàtà Bọ́ọ̀lù Òkìrìkà Tàbí Tuntun: Èwo Ló Yẹ Kí A Náwó Lé Ní Àkúrẹ́?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún ẹni tó bá fẹ́ ra bàtà bọ́ọ̀lù ní Àkúrẹ́ lónìí. Ó lè ra ojúlówó tuntun, tí owó rẹ̀ kọjá agbára ọ̀pọ̀ òbí. Ó lè ra ayédèrú tuntun, èyí tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá sí lára tó sì jẹ́ pé ilé iṣẹ́ náà kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ó sì lè ra òkìrìkà, ìyẹn ojúlówó tí ẹlòmíràn ti wọ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní eré ìdárayá, àwọn òbí sì máa ń bi mí léèrè kí wọ́n tó náwó. Ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn ni pé bí owó kò bá tó ojúlówó tuntun, òkìrìkà tí a yẹ̀ wò dáadáa sàn ju ayédèrú tuntun lọ fíìfíì. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ yàtọ̀: n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra bọ́ọ̀lù àlòkù, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ bí a bá dé ibẹ̀.

Ní àyíká Ọjà Ọba, lẹ́bàá títì Ọba Adéṣidà, àwọn tó ń ta bàtà òkìrìkà máa ń tẹ́ wọn sórí ọ̀rá, tàbí kí wọ́n fi okùn wọn so wọ́n rọ̀ ní méjì-méjì. Bàtà bọ́ọ̀lù kì í pọ̀ nínú wọn, àárín kánfáàsì àti bàtà ìsáré ni ojú ti ń wá wọn rí. Nígbà tí mo béèrè kẹ́yìn, iye tí wọ́n pe èyí tó dára wà láàárín nǹkan bí ₦15,000 sí ₦30,000, ẹni tó bá sì mọ ohun tí ó ń wò lè ná an wálẹ̀. Iye ayédèrú tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ìyẹn. Ojúlówó tuntun sábà máa ń lé ní ₦100,000, àyàfi irú èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré. Nítorí náà, àárín òkìrìkà àti ayédèrú ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń yàn ní tòótọ́, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe pọ̀ sí.

Ayédèrú máa ń dára lójú. Àwọ̀ rẹ̀ á tàn yanran, páálí á wà, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á wà nínú páálí, inú ọmọ á sì dùn. Àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Náílọ́ọ̀nù tàbí oríṣi ike mìíràn tó lágbára tó sì ń tẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe àtẹ́lẹ̀ ojúlówó. Ó máa ń tẹ̀ níbi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀, ó sì máa ń le gbagidi láàárín kí ẹsẹ̀ má baà lọ́. Púpọ̀ nínú ayédèrú tí mo ti yẹ̀ wò kò rí bẹ́ẹ̀. Ike lásán ni, tí kì í tẹ̀ rárá, tàbí tó ń tẹ̀ ní agbedeméjì àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ó ti tẹ̀, débi pé ọmọ tó bá fi sáré fún wákàtí kan yóò máa sọ pé abẹ́ ẹsẹ̀ ń ro òun. Bí òjò bá wá pa á, iwájú rẹ̀ á yanu, òbí tó rà á ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ á sì tún máa wá owó mìíràn kí sáà náà tó parí.

Òkìrìkà ní àléébù tirẹ̀, orí àtẹ ni a sì ti gbọ́dọ̀ rí i, nítorí pé ẹni tó ta á kì í gbà á padà. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe ni kí n fi ọwọ́ kan di gìgísẹ̀ bàtà náà mú, kí n sì fi ọwọ́ kejì tẹ iwájú rẹ̀ sókè, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ gbéra sáré. Bí àtẹ́lẹ̀ bá ti fẹ́ kán, ìlà funfun tín-ín-rín kan yóò hàn ní ìdábùú rẹ̀, lẹ́yìn àwọn eyín iwájú gan-an, ìyẹn àwọn kókó tó yọ lábẹ́ bàtà bọ́ọ̀lù. Gọ́ọ̀mù kò ran ìlà yẹn, bí ó ti wù kí òkè bàtà náà dára tó. Lẹ́yìn èyí ni kí a wo ibi tí òkè bàtà ti pàdé àtẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàtà wọ̀nyí ti pẹ́ nínú ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n sì ti wà nínú kọ̀ntéénà lójú omi, ooru àti ọ̀rinrin sì máa ń pa gọ́ọ̀mù, tó fi jẹ́ pé bàtà tó dà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́ rí lè ṣí ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ bá gbé e dé pápá. Kí a fi èékánná ti etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yí ká. Bí ibi tó ṣí bá kéré, aránbàtà tó mọṣẹ́ yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, yóò sì fi òwú líle rán an yí po, owó iṣẹ́ rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye bàtà.

Bí fóòmù rírọ̀ bá wà láàárín àtẹ́lẹ̀ àti ẹsẹ̀, kí a fi àtàǹpàkò tẹ òun náà. Oríṣi fóòmù kan wà tí wọ́n ń pè ní polyurethane tó jẹ́ pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ ẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, yálà a wọ bàtà náà tàbí a kò wọ̀ ọ́. Èyí tó bá ti ń rú tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ kò ní pẹ́ tú ká.

Láìpẹ́ yìí mo rí bàtà dúdú kan tí awọ rẹ̀ rọ̀ bí etí ọmọ ọwọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, kò sí wàhálà kankan lára rẹ̀.” Mo tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, kò sì sí ìlà kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e lé orí pátákó tó tẹ́jú, bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí pé eyín ẹ̀gbẹ́ ìta ti jẹ ju ti inú lọ. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wọ irú rẹ̀ á máa rin ìrìn ẹni ẹlẹ́ni, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀. Mo fi han ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó wò ó, ó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, n kò gbé e kalẹ̀ wò bẹ́ẹ̀ rí.” Láti ìgbà náà, mo máa ń sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n wá ibi tó tẹ́jú, kí wọ́n gbé bàtà méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n láti ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ eyín ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ, nítorí pé ilẹ̀ tí wọ́n ti wọ bàtà wọ̀nyí nílẹ̀ òkèèrè kò rí bíi tiwa. Lórí páálí, lára àmì inú bàtà tàbí lábẹ́ rẹ̀, a sábà máa ń rí lẹ́tà méjì. SG wà fún ilẹ̀ tútù tó rọ̀, eyín irin gígùn ló sì sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. FG wà fún pápá koríko tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ. AG wà fún koríko àtọwọ́dá. TF ni èyí tí eyín rọ́bà kéékèèké pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà bá fẹ́ fi SG sílẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, kí a má ṣe jẹ́ kí owó náà fà wá. Ilẹ̀ pupa tó ní òkúta wẹ́wẹ́ ni ọ̀pọ̀ pápá ilé ẹ̀kọ́ ní Àkúrẹ́, nígbà ọyẹ́, ó máa ń le débi pé eyín irin kò lè wọ inú rẹ̀ rárá. Orí eyín díẹ̀ péré ni ọmọ yóò dúró lé, ìwúwo ara rẹ̀ á máa gún un lábẹ́ ẹsẹ̀, bí ó bá sì fẹ́ yí padà lójijì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yẹ̀. TF ni mo fẹ́ràn jù fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, AG náà sì dára nítorí pé eyín rẹ̀ kúrú, ó sì pọ̀. FG tó ní eyín róbótó kúkúrú ṣeé lò nígbà òjò tí ilẹ̀ bá rọ̀ díẹ̀.

Ní ti ìwọ̀n, kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà 42 tàbí 43 nìkan. Bàtà 42 ilé iṣẹ́ kan lè jẹ́ 8 ní ìwọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ti ilé iṣẹ́ mìíràn jẹ́ 7.5. Iye sẹ̀ǹtímítà tí wọ́n kọ sínú ahọ́n bàtà ló ṣeé tẹ̀lé. Kí ọmọ dúró lórí bébà ní ìrọ̀lẹ́, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ògiri, kí a fa ìlà síwájú ìka tó gùn jù, kí a sì fi rúlà wọ̀n ọ́n kí a tó jáde nílé. Ahọ́n bàtà kan náà ni a ó ti rí nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fi ń dá oríṣi bàtà kọ̀ọ̀kan mọ̀. Kí a tẹ̀ ẹ́ sórí Google níbẹ̀ lórí fóònù: bí àwòrán tó jáde kò bá jọ bàtà tó wà lọ́wọ́ wa, ayédèrú ni, nítorí pé ayédèrú máa ń wọ inú òkìrìkà náà. Kí a sì rí i dájú pé nọ́ńbà ẹsẹ̀ òsì àti ti ọ̀tún bára mu.

Bí bàtà bá délé, kí a yọ ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀ dànù, kí a fi tuntun sí i. Ìtẹ́lẹ̀ àtijọ́ ti gba àwòrán ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, ó sì lè gbé àrùn tó máa ń mú kí àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ bó, kó sì máa yún. Omi tútù àti ọṣẹ ni kí a fi fọ̀ ọ́, kí a ki bébà ìròyìn bọ inú rẹ̀, kí a sì gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lábẹ́ òjìji. Omi gbígbóná àti oòrùn gangan yóò tún gọ́ọ̀mù rẹ̀ bàjẹ́.

Bọ́ọ̀lù ló kù. Òfin Kejì eré bọ́ọ̀lù sọ pé àyíká bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 68 sí 70, kí ó wúwo láti gíráàmù 410 sí 450 nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀. Kí bọ́ọ̀lù tó gba àmì FIFA Quality Pro, tí àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé fi ń jẹ́rìí sí bọ́ọ̀lù tó dára, ẹ̀rọ máa ń gbá a mọ́ irin ní ìgbà 2,000, pẹ̀lú eré kìlómítà 50 ní wákàtí kan, kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n wò bóyá ó ṣì róbótó. Ẹ jẹ́ kí a wá ro bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti gbá fún odidi sáà ìdíje kan, tí omi ti wọ inú ojú ìrán rẹ̀, tí ẹni tó ni ín sì ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn tí mo fi okùn ìwọnṣọ wọ̀n lórí àtẹ, ìdábùú wọn kò bá òòró wọn mu. Ọmọ tó ń fi irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù sí ẹlẹgbẹ́ ẹni ń kọ́ ohun tí bọ́ọ̀lù tó pé kò ní ṣe fún un, èyí sì dùn mí nítorí pé mo ti rí ọmọ tó ní ẹ̀bùn tí ó rò pé ẹsẹ̀ òun ni kò dára. A kò lè tún àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe láìtú ojú ìrán, bọ́ọ̀lù tí wọ́n sì fi ooru lẹ̀ pọ̀ kò tilẹ̀ ní ojú ìrán tí a lè tú. Bọ́ọ̀lù tuntun tí wọ́n rán, tí kò lórúkọ ńlá, ṣùgbọ́n tí ó bá ìwọ̀n mu nígbà tí a bá fi okùn yí i ká lọ́nà méjì, ni kí a rà.

Bọ́ọ̀lù tuntun náà kì í pẹ́ bàjẹ́ bí a bá ń gbé e lọ sọ́dọ̀ fọganáísà. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ kí ó wà nínú bọ́ọ̀lù kò ju 8.5 sí 15.6 psi lọ, nígbà tí táyà ọkọ̀ máa ń gba nǹkan bí 30. Bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ bá gbàgbé ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ojú ìrán á fẹ̀, bọ́ọ̀lù á sì wú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Pọ́ọ̀ǹpù ọwọ́ ló dára, kí a sì fi omi tàbí itọ́ pa abẹ́rẹ́ rẹ̀ kí a tó tì í wọlé.

Ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé àlòkù kò yẹ ní rírà rárá, nítorí pé rọ́bà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ máa ń gbẹ, kì í sì í di bọ́ọ̀lù mú mọ́. Ìdáàbòbò ojúgun, tí òfin sọ di dandan fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù, kò ní wàhálà bí kò bá ti sán.

Ọ̀dọ́ tó ń ṣe ìdánrawò lójoojúmọ́, tó ń fojú sọ́nà pé kí ẹgbẹ́ bíi Sunshine Stars tiwa yìí wo òun, ni mo lè sọ fún pé kí ó fara da ìnáwó ojúlówó tuntun bí ẹbí rẹ̀ bá lágbára, torí pé bàtà tuntun yóò gba àwòrán ẹsẹ̀ tirẹ̀, yóò sì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gùn kí bàtà tó gbó, òkìrìkà ló tọ́ sí i. Kí òbí rẹ̀ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa ń tú béèlì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, kí ó sì tètè dé ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí àwọn tó ń rà á láti tún un tà tó ṣa àwọn tó dára lọ.