Ìyá nìkan ni wọ́n fi hàn mí: oko tí mo ti ra ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde

Oko ìbísí ẹlẹ́dẹ̀ kan tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ra ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, akọ mẹ́rin tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá àti abo mẹ́rin. N kò ní dárúkọ oko náà, nítorí pé mo ní ẹ̀sùn kan sí wọn lẹ́yìn ìyìn.

Ìmọ́tótó wọn kò ní àbùkù. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti tẹ ẹsẹ̀ bọ omi oògùn, wọn kò sì jẹ́ kí n wọ bàtà mi wọlé, èyí tí ó tọ́ lójú ẹni tí ó mọ bí ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, tí kò ní oògùn, ṣe ń pa odidi agbo run. Ìyá tí wọ́n fi hàn mí jẹ́ Large White, ẹ̀yà funfun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí etí rẹ̀ nàró ṣánṣán, wọ́n sì ní Duroc pupa ti Amẹ́ríkà ni bàbá. Irú àdàlù bẹ́ẹ̀ dára, nítorí pé ọmọ ẹ̀yà méjì tí kò bára tan sábà máa ń lókun, ó sì ń yára tóbi ju ẹlẹ́dẹ̀ dúdú kékeré ilẹ̀ wa lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ilẹ̀ wa ni ó mọ ìyà jẹ jù.

Ṣùgbọ́n n kò rí bàbá náà. Wọ́n ní kí àlejò má baà kó àìsàn wọlé ni, síbẹ̀ wọ́n jẹ́ kí n wo ìyá láti ẹ̀yìn ọgbà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, n kì í fẹ́ sanwó ohun tí n kò rí, ìdí kan pàtó sì wà níbẹ̀. Jíìnì kan, ìyẹn ohun àbùdá tí òbí ń fi ran ọmọ, wà tí wọ́n ń pè ní IGF2: èyí tí ọmọ jogún lọ́dọ̀ bàbá ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú iṣan rẹ̀, ti ìyá á dákẹ́. Ní ọdún 2003 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé ìyípadà kékeré kan nínú jíìnì yìí ń mú kí iṣan ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ sí i, kí ọ̀rá ẹ̀yìn rẹ̀ sì dínkù.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé wọ́n gba owó kan náà lórí ọ̀dá àti abo, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún mi pé kí n yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo kó wọn sínú ilé kan, mo ń fún wọn ní èérí àgbàdo, ẹ̀kúrọ́ tí wọ́n ti fún àdí rẹ̀, àti sóyà díẹ̀. Kí ó tó pé oṣù mẹ́rin, àwọn ọ̀dá ti wúwo ju abo lọ, inú mi sì ń dùn, àfi ìgbà tí alápatà là wọ́n tí ó fi ọ̀rá tí ó nípọn lẹ́yìn ọ̀dá hàn mí, tí ó sì dín owó rẹ̀ kù. Bí a bá ti yọ kóró ẹpọ̀n akọ, họ́mónù, èròjà inú ara tí ń ran ara lọ́wọ́ láti sọ oúnjẹ di ẹran ti lọ nìyẹn. Á máa jẹ ju abo lọ, àjẹjù náà á sì di ọ̀rá. Abo kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀, ẹran ni ó ń fi púpọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀ ṣe, nítorí náà oúnjẹ tí èròjà amúaradàgbà pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó yẹ ẹ́. Akọ tí a kò tẹ̀ ni ó mọ oúnjẹ lò jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ẹran rẹ̀ lè rùn lórí iná nítorí èròjà méjì, androstenone tí ń ti inú ẹpọ̀n wá àti skatole tí ń ti inú ìfun wá, oníbàárà tí ó bá sì gbóòórùn yẹn kò ní padà wá. N kò bá wọn wí pé wọ́n tẹ̀ wọ́n lọ́dàá.

Nígbà tí mo pè wọ́n lórí fóònù, ọ̀gá oko náà kò jiyàn. Ó ní kí n wá wo akọ náà láti ẹ̀yìn ọgbà nígbà tí mo bá tún fẹ́ rà. N óò lọ. Mo ti ń kọ́ ilé kejì.