Ẹ ṣọ́ra o: hóstẹ̀lì tí wọ́n fi ń fa àwọn òbí lójú mọ́ra ní Ìlọrin kì í ṣe tiwọn

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ parí pírámárì, tí ẹ ń wá ilé-ìwé bọ́dìn tí ẹ máa fi wọ́n sí ní September, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan ń lọ káàkiri Ìlọrin. Ó máa ń wá síbi àsáláátù wa lọ́jọ́ Sunday pẹ̀lú kàfùtáànì funfun, Lárúbáwá á máa yọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo ti wá gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Gáà Àkànbí pé bó bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ Bíbélì ló máa ń kà. Sunday kan náà ni, aago ló yàtọ̀.

Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí, nítorí ìwé ẹ̀sùn wa ti wà lọ́wọ́ àwọn agbófinró. Orúkọ ilé-ìwé rẹ̀ kò sì lè ràn yín lọ́wọ́, ó ti yí i padà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. Ọgbọ́n tó ń dá ni kí ẹ mọ̀.

Iṣẹ́ páìpù omi ni mo ń ṣe. Mo tètè sọ ọ́ nítorí pé ojú oníṣẹ́ omi tí mo gbójú lé gan-an ni wọ́n fi tàn mí. Bàbá tó bí mi sì wọ bọ́dìn ní Offa Grammar School, ilé-ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1943. Títí ó fi kú, bó bá ti fẹ́ bá wa wí, agogo tí wọ́n máa ń lù jí wọn ní ìdájí ló máa fi bẹ̀rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń sọ pé ọmọ tèmi náà á wọ bọ́dìn. Ẹni tí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́kàn rẹ̀ kò ṣòro tàn.

Lọ́dún tó kọjá, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi ṣe ìdánwò tí NECO máa ń ṣe fún àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ Unity School. Federal Government Girls' College tó wà ní Òmù-Àrán ni ọkàn ìyá rẹ̀ wà, torí ibẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ ti jáde. Orúkọ Àbẹ̀kẹ́ kò sí nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mú. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọkùnrin yìí fi dé. Ó ti mọ̀ pé àkókò yẹn gan-an ni ara àwọn òbí kì í balẹ̀: àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ ẹni ti ń ra bọ́kùsì, tìrẹ ṣì wà nílé. Ó ní òun mọ ẹnìkan ní Abuja tó lè fi orúkọ ọmọ wa kún un. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Kò sí ẹni tó gbé àyè Unity School sínú àpò. Ilé-ìwé wọ̀nyí lé ní 100 káàkiri Nàìjíríà, NECO ló ń ṣe ìdánwò wọn, ìjọba àpapọ̀ ló ń mú ọmọ wọlé, wọ́n ń wo máàkì, wọ́n sì tún ń wo ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti wá. Nígbà tí ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé ẹ̀rí, ọ̀gbẹ́ni náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká fi ti Fẹ́dírà sílẹ̀. Mo ní tèmi tó ju ibẹ̀ lọ."

Ó mú wa lọ wo ilé-ìwé náà ní oṣù August. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn sí oṣù yẹn. A kọjá Gáńmọ̀, a gba ọ̀nà tó lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, a yà. Ọgbà ńlá, igi máńgòrò mẹ́ta lójú ọ̀nà, flex tuntun tí wọ́n kọ orúkọ ilé-ìwé rẹ̀ sí lórí géètì. Nínú hóstẹ̀lì, bẹ́ẹ̀dì onírin alájà méjì, gbogbo rẹ̀ kùn ní búlúù, fóòmù wà lórí gbogbo wọn. Mo ní kí n wo omi wọn. Táǹkì méjì wà lókè, mo yí ẹnu ẹ̀rọ, omi tú yàà. Mo wo bí wọ́n ṣe to páìpù náà, mo wo ibi tí omi ìdọ̀tí ń gbà jáde, mo yin ẹni tó ṣiṣẹ́ ọ̀hún. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ilé-ìwé tí wọ́n bá bójú tó páìpù rẹ̀ báyìí, wọ́n á bójú tó ọmọ.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Èmi wò ó láti òkèèrè, mo wò ó nítòsí, mo tún fọwọ́ kàn án. Igi ẹlòmíì ni wọ́n fi hàn mí. Ẹni tó ni ọgbà yẹn ní ilé-ìwé tirẹ̀, àwọn ọmọ wọn ló wà nílé fún ìsinmi. Ọkùnrin yìí yá ibẹ̀ fún ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùkọ́. Flex tó gbé kọ́ géètì ló fi bo pátákó orúkọ wọn. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó yẹ kó ta mí lólobó: bí a ṣe ń jáde, ọlọ́dẹ sáré tọ̀ ọ́ wá, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti ṣe tán? Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹ kọjá aago mẹ́rin." Ta ló ń lé ẹni tó ni ilé jáde nílé rẹ̀?

A ra fọ́ọ̀mù ní ₦20,000. Owó táàmù kan, oúnjẹ, aṣọ ilé-ìwé, fóòmù àti owó tí wọ́n ní àwọn máa dá padà tí ọmọ bá jáde, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦385,000. Ó ní bí a bá san án kí ọ̀sẹ̀ tó pé, òun máa yọ díẹ̀ kúrò. Nígbà tí ìyàwó mi tẹ nọ́ńbà àkáùǹtì náà sórí fóònù, orúkọ obìnrin kan ló gbé jáde. Ó ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, èyí kì í mà ṣe orúkọ ilé-ìwé o." Mo ní kó sáà fi owó ránṣẹ́, pé akọ̀wé owó wọn nìyẹn. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ ṣe bí ọlọ́gbọ́n nínú ilé, gbólóhùn yẹn ló máa ń rán mi létí.

Ọjọ́ tí wọ́n wọlé, wọ́n ní kí àwọn òbí kó ọmọ wá sí Gáréèjì Ọ̀ffà, bọ́ọ̀sì máa gbé wọn. Wọ́n ní òbí kankan ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé wọn kí àwọn ọmọ má baà sunkún. Fóònù, èèwọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa pé ká wá kí wọn, wọ́n sún un síwájú, wọ́n tún un sún. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ rí pè mí ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá alákàrà kan ló yá ọmọ mi ní fóònù. Gbogbo ohun tí Àbẹ̀kẹ́ sọ kò ju èyí lọ: "Bàbá mi, ẹ wá. Ẹ mú omi dání."

Mi ò dúró dọjọ́ kejì. Ìyá alákàrà yẹn ló júwe ọ̀nà fún mi, kò sì jọ ọ̀nà tí a gbà ní August rárá. Ilé tí wọn ò tíì rẹ́ ni mo bá, páànù wà lórí rẹ̀, fèrèsé kò sí, àpò sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi dí i. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú yàrá méjì, fóòmù wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lára ògiri ẹ̀yìn, wọ́n fi ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rin sí i, ó ń dán. Mo yí ọ̀kan, ó já mọ́ mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ìyẹ̀pẹ̀. Kò sí páìpù kankan lẹ́yìn rẹ̀! Wọ́n kàn fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ó lè hàn nínú fọ́tò. Odò ni àwọn ọmọ ti ń pọnmi, odò yẹn náà ni wọ́n ti ń wẹ̀. Olùkọ́ kan ṣoṣo ló wà pẹ̀lú wọn, ọmọbìnrin kékeré tí wọn ò tíì san owó oṣù kankan fún, òun náà sì ń sunkún. Mi ò bínú sí i. Bí kò bá sí níbẹ̀, mi ò mọ ohun tí ǹ bá bá nílẹ̀.

Àwọn ọmọ SS3 mẹ́ta wà láàárín wọn tí wọ́n ti gba owó WAEC lọ́wọ́ òbí wọn. Wọ́n ní ìlú míràn ni wọ́n máa ti ṣe é. Ẹ jẹ́ kó yé yín: ilé-ìwé tí WAEC kò bá tíì wá yẹ̀ wò kí wọ́n sì fọwọ́ sí i kò lè forúkọ ọmọ sílẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀. Ilé-ìwé ẹlòmíì ló máa kó wọn lọ, bí ó bá kó wọn lọ rárá.

Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni wọ́n bá lára Àbẹ̀kẹ́ nílé ìwòsàn. Ó ti gbádùn, ilé ló ti ń lọ sílé-ìwé báyìí, ó ń ṣe dáadáa. Nínú ₦405,000 wa, ₦90,000 ló padà, ó sì tó ìgbà mẹ́ta kó tó pé, lẹ́yìn tí àwa òbí mẹ́sàn-án para pọ̀.

Nígbà tí a gbé ìwé àṣẹ tí ọkùnrin yìí fi hàn wá lọ sọ́dọ̀ àwọn ìjọba tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́, ojú tì mí. Ìwé náà kì í ṣe ayédèrú. Ìwé gidi ni, òǹtẹ̀ gidi. Ìyá tó gbà á lọ́wọ́ wa wò mí, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi ka ìlà kẹta." Mo kà á: nọ́sìrì àti pírámárì. Ìwé àṣẹ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ẹlòmíì ló ń gbé kiri, àwa sì ti rí òǹtẹ̀, a ò ka nǹkan tó wà lókè rẹ̀. Ìwé kejì tó fi dígí bò tó gbé kọ́ ọ́fíìsì, ti CAC ni. CAC ń forúkọ iléeṣẹ́ àti òwò sílẹ̀, kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kó ọmọ ọlọ́mọ sùn sílé. Ẹni tó ń ta pọ̀ǹmọ́ lè ní ìwé CAC.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ wo ilé-ìwé, ẹ má lọ ní August. Ẹ lọ nígbà tí àwọn ọmọ bá wà níbẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ ń bọ̀. Bí wọn ò bá jẹ́ kí ẹ wọlé torí ààbò àwọn ọmọ, kò burú, ilé-ìwé tó dáa lè ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á fún yín ní ọjọ́ míràn tí àwọn ọmọ ṣì máa wà. Ẹ bi ọlọ́dẹ ní orúkọ ilé-ìwé kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀ fún un. Ẹ bi àwọn tó ń ta nǹkan lẹ́nu géètì, wọ́n mọ ohun tí ọ̀gá ilé-ìwé kò mọ̀. Ilé ìdáná àti ibi tí wọ́n ti ń yàgbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀, kí ẹ tó jókòó ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti máa fún yín ní mínírà. Bí ẹ bá rí ẹnu ẹ̀rọ, ẹ yí i, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn ògiri. Ìwé àṣẹ wọn, ẹ kà á láti òkè délẹ̀, ẹ wò ó bóyá sẹ́kọ́ńdìrì wà níbẹ̀, bóyá bọ́dìn wà níbẹ̀, kí ẹ wá mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ ní kí wọ́n fi òbí tí ọmọ rẹ̀ ṣe WAEC níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá hàn yín. Tí orúkọ tó bá yọ lórí fóònù yín kì í bá ṣe ti ilé-ìwé, ẹ gbọ́ràn sí ìyàwó yín lẹ́nu.

Ẹ̀yin tó ti sanwó fún un, ẹ má ṣe dákẹ́ nítorí ìtìjú. Ẹ kó rìsíìtì yín jọ, ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ bá a sọ lórí WhatsApp rẹ́, ẹ kọ̀wé. EFCC ní ẹ̀ka ní Ìlọrin níbí.

Ìdí tí mo fi kọ èyí báyìí ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń ṣe iṣẹ́ nílé oníbàárà mi kan ní Táńkẹ̀, ó ní kí n bá òun wo ilé-ìwé tí òun fẹ́ fi ọmọkùnrin òun sí. Orúkọ tuntun. Ó na fóònù sí mi. Igi máńgòrò mẹ́ta, bẹ́ẹ̀dì búlúù, táǹkì méjì lókè. Páìpù tí mo fi ẹnu ara mi yìn. Ó ti ra fọ́ọ̀mù tirẹ̀, ₦25,000 ni wọ́n ń tà á báyìí.