Ṣúgà ti ń ga: ṣé ìrìn ni àbí metformin?

Ìbéèrè yìí kì í tán n'Ílọrin: “Wọ́n ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ga, kò tíì di àtọ̀gbẹ. Kí ni kí n ṣe?”

Ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002, fi ìrìn àti metformin, oògùn tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, wéra lára àwọn ènìyàn tó lé ní 3,000. Àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá, bí ìrìn kíákíá, fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, tí wọ́n ṣọ́ oúnjẹ jẹ, tí wọ́n sì dín ìwọ̀n ara wọn kù díẹ̀, ewu àtọ̀gbẹ fi ìdá 58 nínú 100 dín kù fún wọn. Ti metformin jẹ́ 31.

Bàtà tó bo ẹsẹ̀ dáadáa ni owó ìrìn; oògùn ń gba owó lóṣooṣù. Àmọ́ ìrìn ló ṣòro láti dúró tì. Oòrùn wa mú, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jáde kété tẹ́ ẹ bá kírun àsùbáà tán. Metformin lè da inú rú níbẹ̀rẹ̀, kò sì yẹ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an.

Àwọn tó ti tó ẹni 60 ọdún ni ìrìn àti ìṣọ́ oúnjẹ ṣe lóore jù. Fún ẹni tó sanra gan-an, tàbí obìnrin tí ṣúgà rẹ̀ ti ga rí nígbà oyún, metformin fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìrìn àti ìṣọ́ oúnjẹ dọ́gba.